Póní Shetland: Ìran Rẹ̀, Ara Rẹ̀ àti Bí A Ṣe Ń Bọ́ Ọ

Ìyà ló tọ́ póní Shetland, irú ẹṣin kékeré kan, àjẹyó ló ń pa á. Àwọn erékùṣù Shetland ní àríwá Scotland ló ti wá, níbi tí afẹ́fẹ́ kì í ti í sinmi, tí koríko kò sì tó nǹkan. Nígbà òtútù, àwọn póní ibẹ̀ a máa sọ̀ kalẹ̀ lọ sí etí òkun láti jẹ ewéko tí ìgbì gbé sílẹ̀. Èyí tí oúnjẹ díẹ̀ ń tó nìkan ló ń kù láti bímọ.

Láti ilẹ̀ dé gegele èjìká la ti ń wọn gíga rẹ̀, kì í ṣe dé orí. Ìlànà Bìrìtéènì kò gbà kó ju íǹṣì 40 lọ lọ́mọ ọdún 3, tàbí íǹṣì 42 láti ọmọ ọdún 4 sókè. Etí rẹ̀ kéré, iwájú orí rẹ̀ fẹ̀, ẹ̀yìn àti ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú. Àwọ̀ yòówù ló lè ní, àfi alámì tó-tò-tó bíi ti àmọ̀tẹ́kùn.

Òfin ọdún 1842 lé obìnrin àti ọmọkùnrin tí kò tíì pé ọdún 10 kúrò nínú kòtò èédú ilẹ̀ Bìrìtéènì. Àwọn tó ni kòtò wá ń wá ẹran kúkúrú tí yóò máa fa ọmọlanke nínú ihò. Láti àwọn ọdún 1870, Marquess ti Londonderry, ìjòyè kan tó ni kòtò èédú, dá ọgbà ìbísí sílẹ̀ ní Bressay àti Noss, erékùṣù méjì ní Shetland. Èyí tó wúwo, tí ara rẹ̀ sì sún mọ́ ilẹ̀ jù lọ, ló ń ṣà. Akọ kan tí wọ́n ń pè ní Jack ló ta yọ níbẹ̀. Àmọ́ inú kòtò ni ọ̀pọ̀ akọ tó dára ń bá lọ, ti ilé sì ń dínkù. Wọ́n dá ẹgbẹ́ ìwé ìran, tó ń kọ orúkọ póní àti òbí rẹ̀ sílẹ̀, ní 1890. Ti Amẹ́ríkà yàtọ̀: wọ́n ti fi Hackney, ẹṣin tó ń fa kẹ̀kẹ́, lú u, ó sì ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ bèèrè èwo ni wọ́n ń tà kí ẹ tó sanwó.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ló le jù. Ṣúgà inú koríko tútù tó ń hù fàkìàfakia máa ń fa laminitis: ẹran tó so egungun mọ́ pátákò á wú, egungun náà sì lè yẹ̀. Bí póní bá ń fẹ̀yìn tì sórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, tí kò fẹ́ yí padà, tí pátákò rẹ̀ gbóná, ẹ pe dókítà ẹran lọ́jọ́ náà. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ojú, torí irun òtútù ń bo ọ̀rá mọ́lẹ̀; ẹ fi ìka wá ìhà rẹ̀. Bí ẹ bá ní láti tẹ̀ ẹ́ gan-an kí ẹ tó kan egungun, ó ti sanra jù.

Póní tó wọn kílò 200 lè máa jẹ koríko gbígbẹ bíi kílò 3 sí 4 lóòjọ́. Ẹ rẹ koríko náà sómi fún wákàtí kan kí ṣúgà rẹ̀ dínkù, kí ẹ sì da omi náà nù. Ṣùgbọ́n ẹ má febi pa á kó lè fọn: ọ̀rá ara rẹ̀ á ya wọ inú ẹ̀jẹ̀, á ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, pàápàá lára abo tó lóyún tàbí tó ń fọ́mọ lọ́mú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa gé pátákò rẹ̀ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, kí dókítà sì yẹ eyín rẹ̀ wò lọ́dọọdún.

Oyún rẹ̀ ń tó oṣù 11. Kí ẹ tó mú akọ wọlé, ẹ fi gbòǹgbò irun àwọn méjèèjì ṣe àyẹ̀wò skeletal atavism. Àbùkù yìí ń jẹ́ kí egungun tó yẹ kó kúrú gùn jálẹ̀ ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ ọmọ á sì wọ́. Ara òbí tó gbé e á dá ṣáṣá; bí méjì wọn bá pàdé, ó ṣeé ṣe kí ọmọ 1 nínú 4 ní in.