Bí mo ṣe di ẹni tó ń gbé oúnjẹ fún igún

Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ sọ pé aṣọ mi ń rùn. Ó ní ṣé mo ti wá di alápatà ni. Mo ní rárá, igún ni mò ń gbé oúnjẹ fún. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Igún!" Ó sì nawọ́ síta, pé kí n lọ bọ́ aṣọ náà ní ẹ̀yìnkùlé.

Iṣẹ́ ìtọ́jú ẹran ọ̀sìn ni mò ń ṣe ní agbègbè Ìjùmú, ní ìpínlẹ̀ Kogí. Ní kékeré wa, bí wọ́n bá rán wa lọ ra ẹran láàárọ̀, igún la fi ń mọ̀ bóyá wọ́n ti pa màlúù. Bí wọ́n bá ti tò sórí páànù bí àgbààgbà tó ń ṣèpàdé, ẹran ti wà nílẹ̀ nìyẹn. Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, mo dúró ní ibi ìpẹran kan láti ìdájí títí oòrùn fi mú, igún kan ṣoṣo ni mo rí. Mo ní, "Okun o, Bàbá, àwọn igún yòókù dà?" Bàbá tó jẹ́ olórí àwọn alápatà ní, "Dókítà, wọ́n ti lọ wáṣẹ́ l'Ábújá." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń relé, mo yà ra ìwé àkọsílẹ̀ kan àti bírò.

Kíkà ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Sátidé mẹ́wàá ni mo fi lọ jókòó síbẹ̀, láti aago mẹ́fà sí mẹ́wàá. Kíkà igún ní ọgbọ́n tirẹ̀: ẹyọ kan lè fò lọ kó sì padà lẹ́ẹ̀mẹrin, kí o kà á sí mẹ́rin. Nítorí náà, iye tí mo bá rí papọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni mò ń kọ, èyí tó bá sì pọ̀ jù láàárọ̀ ọjọ́ náà ni mò ń fi sílẹ̀. Nínú Sátidé mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, 5 ló pọ̀ jù. Ọjọ́ méjì wà tí mo kọ òdo.

Igún kékeré tó ń bá èèyàn gbé láàárín ìlú, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Necrosyrtes monachus, ni mò ń sọ. Láti 2015 ni IUCN, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìdáàbòbò àwọn ẹ̀dá, ti kà á mọ́ àwọn ẹ̀dá tó kù díẹ̀ kí wọ́n pòórá. Ẹyin kan péré ló ń yé lẹ́ẹ̀kan. Àwa tó ń ṣàdúrà pé gúnnugún kì í kú léwe, a kì í bèèrè iye ọmọ tó ń bí.

Mo wá bi àwọn alápatà pé kí ló ń ṣẹ́kù lára màlúù. Kò sí. Egungun, àwọn tó ń lọ oúnjẹ adìyẹ ń rà á. Ẹ̀jẹ̀, wọ́n á sè é, wọ́n á sá a, òun náà di oúnjẹ adìyẹ. Awọ di pọ̀nmọ́. Bàbá ní, "Tẹ́lẹ̀, ìgbẹ́ inú ṣàkì nìkan la kì í tà. Ní báyìí, àwọn olóko ẹ̀fọ́ ń fi àpò kó o." Ohun tó kù kò ju ọmọ tí wọ́n bá nínú abo màlúù, ẹ̀dọ̀ tí kòkòrò ti bà jẹ́, àti ẹ̀dọ̀fóró tí wolé-wolé bá ní kí wọ́n má tà. Iná ni wọ́n ń fi sun ìyẹn. Mi ò bínú sí wọn o. Ẹran ti wọ́n, ta ló fẹ́ fi owó sílẹ̀ fún ẹyẹ?

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ bá wolé-wolé, pé dípò kí wọ́n máa sun ún, kó jẹ́ kí n máa gbé e fún igún. Òórùn àti ajá ló ń kọ ọ́ lóminú. Mo ṣàlàyé fún un pé omi inú ikùn igún mú débi pé ó ń pa ọ̀pọ̀ kòkòrò àrùn tó wà lára òkú ẹran. Ó ní, "Ti ajá ńkọ́? Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni?" Ìbéèrè gidi ni. A fẹnu kò pé ibi tí n ó máa gbé oúnjẹ náà sí yóò jìnnà sí ilé àti sí omi, n ó sì máa kó àjẹkù sin kí ilẹ̀ tó ṣú. Màlúù tó bá ṣàdédé kú, tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde nímú rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ là á; inú kòtò jíjìn ni tirẹ̀.

Abẹ́ àràbà ni mo kọ́kọ́ gbé oúnjẹ náà sí, torí ibẹ̀ ni mo ti ń rí àwọn igún tí wọ́n ń sùn. Òmùgọ̀ ni mo ṣe. Ojú ni igún wa fi ń wá oúnjẹ, kì í ṣe imú, ewé sì ti bo ilẹ̀. Ajá mẹ́ta ló jẹ ẹ́ tán níṣojú mi. Mo bá gbé obì lọ sọ́dọ̀ bàbá tó ni ilẹ̀ orí àpáta kan tó tẹ́ pẹrẹsẹ. (Àpáta kì í ṣe ohun tó wọ́n wa níhìn-ín.) Nígbà tó gbọ́ ohun tí mo wá ṣe, ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Àìrígún, a ò gbọdọ̀ ṣebọ. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rí ẹbọ tó ń jẹrà ní oríta. Mo rò pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí ni kò mọ̀ ọ́n rú ni." Ó gbà mí láàyè.

Lórí àpáta náà, àwọn igún rà bàbà lókè, wọ́n bà, wọ́n sì tún lọ. Odindi ọmọ màlúù ni mo gbé sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹnu igún yìí tín-ín-rín, kò lè fa awọ ya. Látọjọ́ náà ni mo ti ń mú ọ̀bẹ dání, tí mò ń là á, tí mò ń gé e wẹ́wẹ́. Sátidé tó tẹ̀ lé e, kó tó di aago mẹ́jọ, mẹ́ta ti wà nílẹ̀.

Ibi tó kù díẹ̀ kí n ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ nìyí. Àrdò kan, olórí àwọn Fúlàní darandaran, tí mo máa ń bá tọ́jú ẹran gbọ́ nípa àwọn igún mi, ó fi òkú màlúù àgbà kan ta mí lọ́rẹ. Odindi màlúù! Inú mi dùn bí ẹni tí wọ́n fún ní mọ́tò. Mo ti yọ ọ̀bẹ kí n tó rántí bèèrè ohun tó pa á. Ó ní ẹsẹ̀ ló ń dùn ún, ọjọ́ mẹ́ta lòun fi gún un lábẹ́rẹ́. Ó mú ìgò rẹ̀ jáde látinú àpò: diclofenac, oògùn ìrora èèyàn, tó rà ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì.

Ara mi tutù. Abẹ́rẹ́ yẹn ló run igún Íńdíà. Ẹ̀yà igún mẹ́ta níbẹ̀ dín kù ní ohun tó lé ní 95 nínú 100, ọdún 2004 ni àwọn onímọ̀ sì tẹ̀ ẹ́ jáde pé òkú màlúù tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́ náà ni wọ́n ń jẹ, tí kíndìnrín wọn fi ń daṣẹ́ sílẹ̀. Ní 2006, Íńdíà, Nẹ̀pálì àti Pakísítánì fòfin dè é fún ẹran ọ̀sìn. Wọ́n ti dán an wò lára igún ẹlẹ́yìn funfun ti Áfíríkà, òun náà kò yè é. Èmi ò ní fi tiwa ṣe ìdánwò. A gbẹ́ kòtò títí ilẹ̀ fi ṣú. Àrdò ní, "Dókítà, ẹ bẹ̀bẹ̀ fún òkú ẹran, ẹ rí i, ẹ tún ń sin ín?" Mo júwe meloxicam fún un, èyí tó ń tu ẹran lára tí kì í pa igún.

Láti ìgbà náà, ìwé mi ní ojú ewé tuntun: irú abẹ́rẹ́ wo, nígbà wo. Màlúù tó bá ti òkè Ọya wá nínú ọkọ̀, tí kò sẹ́ni tó mọ ohun tí wọ́n gún un, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kì í dé orí àpáta, ọmọ inú rẹ̀ náà kì í débẹ̀. Èyí dín oúnjẹ náà kù ju ìdajì lọ. Ó tẹ́ mi lọ́rùn bẹ́ẹ̀. Igún tí ebi ń pa ṣì lè fò lọ sí ìlú mìíràn.

Ọ̀rọ̀ kejì tí mi ò rò tẹ́lẹ̀ ni ti ọkùnrin olọ́kadà kan tó wá lẹ́ẹ̀mejì, tó ń bèèrè iye tí n ó ta ẹyọ kan. Orí rẹ̀ ló fẹ́. Mo sọ ohun tí gbogbo Yorùbá mọ̀ fún un, pé a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọrí. Ó ní òun kọ́ lòun fẹ́ lò ó. Ní Gíní-Bìsáò, láàárín 2019 sí 2020, irú igún wa yìí tó lé ní 2,000 ni májèlé pa, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n sì gé lórí lọ. Ẹni tó bá kó igún jọ síbì kan ti bá apẹyẹ ṣe ìdajì iṣẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, mi ò ní ọjọ́ pàtó mọ́, mi ò sì sọ orúkọ àpáta náà fún yín. Ẹ má bínú.

Sátidé tó kọjá, 7 ni mo kà. Èkeje dúró sẹ́yìn, ó ń wo bí àwọn àgbà ṣe ń já ẹran. Orí rẹ̀ ṣì dúdú, ojú rẹ̀ kò pọ́n bíi tiwọn. Mo kọ ọ́ sínú ìwé: 7, ọmọdé 1. Mo dúró di ìrọ̀lẹ́, mo gbé ṣọ́bìrì, mo lọ kó àjẹkù.