Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Ojú Gbígbẹ: Ooru Ni Kó Ṣáájú, Kí Oògùn Kíkán Tó Tẹ̀ Lé E

Ẹni tí ojú ń ta, tó ń ṣe é bíi pé iyanrìn há sábẹ́ ìpéǹpéjú rẹ̀, tí omi sì ń dà lójú rẹ̀ ṣoroṣoro bó bá gun ọ̀kadà láti Ọ̀dà dé Ọjà Ọba l'Ákùúrẹ́, kì í fẹ́ gbà pé ojú òun gbẹ. Á ní, "Omi tó ń dà yìí wá ńkọ́?" Omi yẹn gan-an ni ẹ̀rí. Bí ojú bá gbẹ débi tó ń ta, ara á da omi sí i lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n omi lásán ni. Á ṣàn gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ, ojú á sì tún gbẹ kó tó pẹ́.

Omi tó yẹ kó máa bo ẹyinjú kì í ṣe omi lásán. Ohun yíyọ̀ kan lẹ̀ mọ́ ẹyinjú nísàlẹ̀, omi wà láàárín, òróró fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló sì bò ó lókè kí afẹ́fẹ́ má baà gbé omi náà lọ. Inú àwọn ihò wẹ́wẹ́ tó tò sí etí ìpéǹpéjú, lẹ́yìn ìdí ìrun, ni òróró yìí ti ń jáde. Ìpéǹpéjú kọ̀ọ̀kan ní ju 20 lọ. Nínú ọ̀pọ̀ ẹni tí ojú wọn gbẹ, omi ò wọ́n. Òróró ló ki sínú ihò, tó dì bí epo pupa ṣe ń dì nígbà ọyẹ́. Oògùn kíkán ò lè yọ́ ọ. Ooru ló ń yọ́ ọ, ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń ra oògùn lóṣooṣù láìfi ooru sí ojú fi ń wà lójú kan náà.

Ẹ kọ́kọ́ wo ojú náà, kí ẹ sì wo ohun tó ń gbẹ ẹ́

Ẹ dúró níwájú dígí níbi tí fáànù ò ti fẹ́ sí yín. Ẹ ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ wá la ojú sílẹ̀ láìṣẹ́ ẹ mọ́, kí ẹ máa ka ìṣẹ́jú àáyá. Bí ojú bá ti ń ta kí ẹ tó ka 10, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó gbẹ lóòótọ́. Ẹ wo etí ìpéǹpéjú náà: bó bá pọ́n, tí èépá wẹ́wẹ́ lẹ̀ mọ́ ìdí ìrun, tàbí tí kókó funfun kéékèèké jókòó sẹ́nu àwọn ihò òróró, iṣẹ́ ooru ló wà níbẹ̀.

Àwọn ohun tó ń gbẹ ojú ò ṣòroó mọ̀. Fáànù tó dojú kọ ibùsùn láti alẹ́ dójúmọ́, ẹ darí rẹ̀ sí ẹsẹ̀. Ẹ́sì ọkọ̀, ẹ yí ẹnu rẹ̀ kúrò lójú. Ẹni tó ń din gaàrí, kó jókòó síbi tí èéfín ò ti ní fẹ́ sí i, bí atẹ́gùn bá sì yí, kí òun náà yí ìjókòó. Lórí ọ̀kadà, gíláàsì olówó pọ́ọ́kú tó bo ẹ̀gbẹ́ ojú dára ju gíláàsì olówó ńlá tó fi ẹ̀gbẹ́ sílẹ̀.

Fóònù àti kọ̀ǹpútà ni ti ìkarùn-ún. Ènìyàn máa ń ṣẹ́jú tó ìgbà 15 láàárín ìṣẹ́jú kan. Bó bá tẹjú mọ́ fóònù, ó lè má ju 5 sí 7 lọ, ìpéǹpéjú ò sì ní pàdé tán. Àwọn tó ń tẹ̀wé níwájú géètì yunifásítì FUTA láti àárọ̀ dalẹ́ mọ bó ṣe ń rí. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20, ẹ gbójú sókè wo ohun tó jìnnà tó mítà 6 fún ìṣẹ́jú àáyá 20, kí ẹ sì di ojú pinpin lẹ́ẹ̀márùn-ún. Ẹ gbé kọ̀ǹpútà sísàlẹ̀ díẹ̀ kí ẹ máa wò ó nísàlẹ̀. Bí a bá gbójú sókè wò ó, ojú á là jù.

Oògùn míì tí ẹ ń lò náà lè gbẹ ojú: Piriton àti àwọn oògùn ara yíyún bíi tirẹ̀, amitriptyline (oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn), oògùn tó ń mú ni tọ̀, àti oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí. Àtọ̀gbẹ, àìsàn oríkèé tó ń wú, àti kí nǹkan oṣù obìnrin dúró wà nínú rẹ̀. Ẹ má dá oògùn dókítà dúró fúnra yín o. Ẹ bi í bóyá òmíràn wà.

Aṣọ gbígbóná: ibi tí wọ́n ti máa ń bà á jẹ́

Ohun tí ẹ nílò ò ju tówẹ̀lì ìnujú méjì tó nípọn, abọ́ kan tó ní ìdérí, fláàsì omi gbígbóná, àti fóònù tí ẹ ó fi ka ìṣẹ́jú. Kí tówẹ̀lì náà jẹ́ funfun kí ẹ lè rí ìdọ̀tí ara rẹ̀, kó má sì jẹ́ èyí tí ẹlòmíràn ń lò.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ ni omi tí kò gbóná tó. Omi ìwẹ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́ ò lè yọ́ òróró kankan. Ó máa dùn mọ́ni lójú lásán ni. Ooru tí à ń wá wà láàárín 40 sí 45 lórí ìwọ̀n Celsius. Bí ẹ ò bá ní ohun tí wọ́n fi ń wọn ooru, ẹ da ife 1 omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó mọ́ ife 3 omi ẹ̀rọ. Á bọ́ sí nǹkan bíi 45. Bó bá jẹ́ omi fláàsì tó ti wà níbẹ̀ látàárọ̀, ife 1 sí ife 2. Kí ẹ tó gbé aṣọ sójú, ẹ gbé e lé inú ọrùn ọwọ́ ní ìdí àtẹ́lẹwọ́, kí ẹ ka 10. Bí ẹ bá fa ọwọ́ yọ kó tó pé, ó gbóná jù. Awọ ìpéǹpéjú fẹ́lẹ́ ju gbogbo awọ ara lọ, bíbó ni yóò bó. Ẹni tí àtọ̀gbẹ ti mú kí ọwọ́ rẹ̀ máa kú tipiri, kó jẹ́ kí ẹlòmíràn bá a dán an wò.

Àṣìṣe kejì ló wọ́pọ̀ jù. Wọ́n á rẹ aṣọ kan, wọ́n á gbé e sójú, wọ́n á sùn sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10. Kí ìṣẹ́jú kejì tó tán, aṣọ náà ti tutù; ìṣẹ́jú 8 tó kù, aṣọ tútù ni wọ́n gbé sójú, òróró tó fẹ́ yọ́ á tún dì. Nítorí náà ni mo ṣe ní tówẹ̀lì méjì. Ọ̀kan wà lójú, èkejì wà nínú abọ́ tí ẹ dé. Ní gbogbo ìṣẹ́jú 2, ẹ pààrọ̀ wọn. Lẹ́yìn pípààrọ̀ ẹlẹ́ẹ̀kejì, ẹ bu ìdajì ife omi fláàsì kún abọ́ náà, kí ẹ tún dán an wò lọ́rùn ọwọ́. Ẹ fún aṣọ náà gbẹ dáadáa kí ó má kán, nítorí aṣọ tó ń kán omi kì í pa ooru mọ́. Ojú pípadé ni ẹ ó gbé e lé, láìtẹ̀ ẹ́.

Àwọn kan máa ń kó ìrẹsì sínú ìbọ̀sẹ̀, wọ́n á gbé e sínú máíkrowéèfù. Ó dára bí iná bá wà. Ẹ má ṣe yan ìrẹsì náà nínú agbada lórí gáàsì gẹ́gẹ́ bí àrọ́pò o. Apá kan á tutù, apá kan á jó ojú. Ẹyin sísè tí a fi áńkáṣíìfù wé náà ń pa ooru mọ́, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ gbóná ju èèpo lọ, ooru ọ̀hún sì ń jáde díẹ̀díẹ̀, kì í jẹ́ kéèyàn mọ bó ṣe gbóná tó. Tówẹ̀lì ni mo fara mọ́. Fífi aṣọ bo orí sórí ìkòkò omi híhó kì í ṣe ìtọ́jú ojú rárá, ìjóná ló ń fà.

Bí ìṣẹ́jú 10 bá ti pé, ẹ má sinmi. Òróró tó yọ́ yẹn, ẹ gbọ́dọ̀ tì í jáde kó tó dì padà, láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ fi orí ìka tó mọ́, láìfi èékánná, ra ìpéǹpéjú òkè láti òkè wá sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀márùn-ún, kí ẹ máa wo ìsàlẹ̀ bí ẹ ti ń ṣe é. Ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀, ẹ rà á láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kí ẹ máa wo òkè. Etí ibi tí ìrun ti hù ni gbogbo rẹ̀ ń lọ. Ìpéǹpéjú là ń rà, kì í ṣe ẹyinjú. Bí ẹ bá ń rí ìmọ́lẹ̀ wuyẹwuyẹ, ẹ ti ń tẹ ẹyinjú. Ìríran lè ṣe bàìbàì fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kò léwu, ṣùgbọ́n ẹ má wa ọkọ̀ kó tó kúrò.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú àti ẹni tó ní glaucoma (àìsàn ojú tó ń jẹ ìríran díẹ̀díẹ̀), kó má ra ojú títí dókítà rẹ̀ á fi ní kó máa rà á. Bó bá jẹ́ Àpólò, tí ojú pọ́n, tí ipin ń dì í lówùúrọ̀, kì í ṣe àsìkò aṣọ gbígbóná, tówẹ̀lì náà ló sì máa ń gbé e ran gbogbo ilé.

Àárọ̀ àti alẹ́ fún ọ̀sẹ̀ 2, lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kí ìyàtọ̀ tó hàn gedegbe. Àwọn tó fi sílẹ̀ lọ́jọ́ kẹrin ló ń ní kò ṣiṣẹ́.

Fífọ etí ìpéǹpéjú

Èyí rọrùn. Ẹ kán ṣáńpúù ọmọdé ẹ̀kán 2 tàbí 3 sínú ìdajì ife omi tí ẹ sè tó ti tutù. Ẹ ki òwú orí igi bọ̀ ọ́, kí ẹ fi nu ìdí ìrun pẹ̀lú ojú pípadé, kí ẹ sì fi omi mímọ́ ṣan án. Kì í ṣe ọṣẹ dúdú, kì í ṣe ọṣẹ ìfọṣọ. Tìróò, ẹ fi sílẹ̀. Ó ń di ihò òróró, òmíràn sì ní òjé nínú. Gúlúù tí wọ́n fi ń lẹ ìrun ojú náà ń dí i.

Oògùn kíkán

Ẹ̀yìn páálí ni kí ẹ kà, kì í ṣe iwájú rẹ̀. Èyí tí à ń wá ni hypromellose, carmellose tàbí sodium hyaluronate. Omijé àtọwọ́dá ni wọ́n. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́. Ẹ má ra oògùn ojú tí wọ́n ń polówó nínú bọ́ọ̀sì.

Bí ẹ bá rí dexamethasone, betamethasone tàbí prednisolone lára páálí, ẹ dá a padà, àyàfi tí dókítà ojú bá kọ ọ́ fún yín. Ojú á funfun, ara á tù yín lọ́jọ́ kejì, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ta oògùn fi fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ń lò ó lọ, ó lè gbé ìfúnpá inú ojú sókè, kó sì fa glaucoma, tí í máa jẹ ìríran láti ẹ̀gbẹ́ láìdun ẹni. Ìríran tó bá ti lọ báyẹn kì í padà. Naphazoline àti tetrahydrozoline tó ń mú pípọ́n kúrò, pípọ́n náà ń padà wá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ bí a bá dá a dúró. Chloramphenicol ń pa kòkòrò. Kì í mú ojú rọ̀. Ìtọ̀, omi ṣúgà, omi ewé, kò sí èyí tó yẹ kó kan ojú nínú wọn.

Láti kán an: ẹ fọ ọwọ́, ẹ gbé orí sẹ́yìn, ẹ fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ kó di àpò, ẹ wo òkè, kí ẹ kán ẹ̀kán 1 sínú àpò náà. Ojú ò gbà ju ẹ̀kán kan lọ, èkejì á ṣàn dànù. Ẹnu ìgò kò gbọdọ̀ kan ìrun. Ẹ di ojú fún ìṣẹ́jú 1 láìṣẹ́ ẹ, kí ẹ fi ìka tẹ igun ojú lẹ́bàá imú. Bó bá jẹ́ oògùn méjì, ẹ fi ìṣẹ́jú 5 sáàárín wọn, kí èyí tó dà bí ìpara kẹ́yìn. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ṣí i sára ìgò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 4, ẹ jù ú nù, bó tilẹ̀ kù. Kò gbọdọ̀ wà níwájú ọkọ̀ nínú oòrùn.

Bí benzalkonium chloride bá wà nínú rẹ̀, kó má kọjá ìgbà 4 lóòjọ́, nítorí ohun tí kì í jẹ́ kí oògùn bàjẹ́ yìí ń ha ojú fúnra rẹ̀. Ẹni tó nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó ra èyí tí kò ní in nínú, bó ti wù kó wọ́n tó.

Ìgbà tí ilé ìwòsàn kàn

Ojú tó ń dunni gidi, tí kò lè wo ìmọ́lẹ̀, tí ìríran rẹ̀ ń dínkù, tí àpá funfun wà lórí dúdú rẹ̀, tàbí tó jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo ló ń yọni lẹ́nu, ẹ má fi ooru dán an wò. Ọmọdé tí ojú rẹ̀ gbẹ, tí kò sì ríran bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, àìtó fítámì A lè wà níbẹ̀. Ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ gbé e lọ. Epo pupa, ẹ̀fọ́ àti ẹ̀dọ̀ dára lẹ́yìn náà, kì í ṣe dípò rẹ̀. Ilé ìwòsàn UNIMEDTH wà ní Àkúrẹ́ àti ní Oǹdó, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ sì wà ní Ọ̀wọ̀.

Ẹ kó gbogbo oògùn tí ẹ ń lò dání, ti ojú àti ti ẹnu, pẹ̀lú páálí wọn. Ẹ má kán ohunkóhun sójú fún wákàtí 2 kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ó lè fi bébà tẹ́ẹ́rẹ́ há ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5, kó wo bí omi ṣe gùn tó lára rẹ̀: bó bá ju mìlímítà 10 lọ, omi tó, bí kò bá tó 5, omi gan-an ló wọ́n, ooru nìkan ò ní ṣe é. Ó tún lè fi aró kan kun ojú láti wo bó ṣe pẹ́ tó kí omi tó já lórí ẹyinjú. Ẹni tó ń lo lẹ́ǹsì, kó yọ ọ́ nílé kó sì wọ gíláàsì lọ, nítorí aró náà ń wọnú lẹ́ǹsì rírọ̀, kì í sì í fẹ́ jáde mọ́.