Wọ́n fẹ́ ya ọ̀nà kẹ̀kẹ́ sí títì yín ní Lọ́ńdọ̀nù? Ẹ má tíì pariwo

Bébà kan ni wọ́n máa ń so mọ́ òpó iná láti kéde ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe sí títì, wọ́n á fi náílọ́ọ̀nù wé e, lẹ́tà inú ẹ̀ á wá kéré débi pé ojú á máa ro èèyàn. Ọ̀pọ̀ wa ló ń kọjá lára ẹ̀ lójoojúmọ́. Tó bá wá di ọjọ́ kan báyìí, a bá jí, wọ́n ti to kọnkéré sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ibi tí ọkọ̀ ti ń já iṣu ti di ti oníkẹ̀kẹ́, la bá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé wọn ò bi wá. Wọ́n bi wá o, àwa la ò ka bébà.

Ó ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. Àǹtí mi ní ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ ilé ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, mo bá wọn kọ lẹ́tà ojú ewé méjì, ó dùn jọjọ, mo tún fi òwe sí i, àṣé gbèdéke ti fi ọjọ́ 4 kọjá. Àwọn tí mo kọ ọ́ sí ní àwọn dúpẹ́. Ó tán. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń kọ eléyìí.

Ẹ kọ́kọ́ wádìí ẹni tó ni títì. Tí ìlà pupa bá wà létí ẹ̀, bíi Old Kent Road, TfL, ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó ìrìnnà ní Lọ́ńdọ̀nù, ló ni ín, ẹ lè kọ lẹ́tà sí káńsù títí ilẹ̀ á fi ṣú, ẹ kàn ń da omi sẹ́yìn adìyẹ ni. Títì tó wà lọ́wọ́ TfL ò ju bíi 5 nínú 100 lọ o, àmọ́ bíi 30 nínú 100 ọkọ̀ ìlú ló ń gba orí ẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìyókù, káńsù àdúgbò ló ni ín.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo bébà yẹn bóyá wọ́n kọ "Experimental" síbẹ̀. Tí wọ́n bá kọ ọ́, ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé wọ́n á ṣe é ná, wọ́n á máa wò ó, kò gbọdọ̀ ju oṣù 18 lọ, oṣù 6 àkọ́kọ́ sì ni tiyín láti sọ̀rọ̀. Tí kò bá sí níbẹ̀, tó jẹ́ pé títí láé ni, ọjọ́ 21 péré lẹ ní látọjọ́ tí wọ́n ti gbé e jáde. Kíkọ sílẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ ọ́, kẹ́ ẹ sì sọ ìdí. Bíbínú sí kańsẹ́lọ̀ lórí fóònù kì í ṣe àtakò lójú òfin, ariwo lásán ni.

Ibi tọ́rọ̀ wà gan-an rèé: ẹ lọ ka iye ọkọ̀ tó ń dúró níbẹ̀. Mo dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù àǹtí mi láàárọ̀ Fráídè kan, aago 7 sí 10, mo mú ìwé àti bírò dání. Ọkọ̀ akẹ́rù 6 ló dúró. Èyí tó kó pánlá àti gàrí wá lo ìṣẹ́jú 35, ó di ìdajì títì, bọ́ọ̀sì wà lẹ́yìn ẹ̀ tó ń fun fèrè, obìnrin kan tó wọ aṣọ nọ́ọ̀sì wá ń fi kẹ̀kẹ́ há ara ẹ̀ sáàárín ọkọ̀ méjèèjì, ọmọ wà lẹ́yìn ẹ̀ lórí síìtì kékeré. Àyà mi já. Kí n tó débẹ̀ mo rò pé àwọn òyìnbó tó wọ ṣòkòtò fífún nìkan ló ń gun kẹ̀kẹ́, mo ti gbàgbé pé Raleigh ni bàbá bàbá mi fi ń lọ oko, Nottingham níbí náà ni wọ́n sì ti ń ṣe é nígbà yẹn. Bó ṣe di pé "a ò fẹ́" kúrò lẹ́nu mi nìyẹn, mo wá ń sọ pé "ibo ni kí ọkọ̀ ẹja dúró sí, láti aago mélòó sí mélòó?" Ìbéèrè tí ẹ́ńjíníà lè dáhùn nìyẹn.

Ẹ wo bọ́ọ̀sì-sítọ́ọ̀pù náà. Tí ọ̀nà kẹ̀kẹ́ bá gba ẹ̀yìn ẹ̀, àwọn ìyá àgbà ní láti sọdá níwájú kẹ̀kẹ́ kí wọ́n tó wọ bọ́ọ̀sì, ẹ béèrè ibi tí wọ́n á ti máa sọdá. Ẹni tó bá ní Blue Badge, káàdì páàkì àwọn aláàbọ̀ ara, lè páàkì lórí ìlà yẹ́lò méjì fún wákàtí 3 ní ọ̀pọ̀ àdúgbò, tí wọn ò bá ṣáà ti ka jíjá ẹrù léèwọ̀ níbẹ̀, àmọ́ kò lè páàkì sínú ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tí ìlà funfun ẹ̀ ò já. Tẹ́ ẹ bá ní irú wọn nílé tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ kọ ọ́, kẹ́ ẹ dárúkọ Equality Act 2010, òfin yẹn ní kí káńsù ro tiwọn mọ́ ọn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe é, ẹ̀yin náà ẹ má kàn kọ "ó dáa". Ìwé tí ìjọba gbé jáde ní July 2020, LTN 1/20 ni wọ́n ń pè é, ó ní kí ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tó ń lọ sápá kan fẹ̀ tó mítà 2, ó kéré tán mítà 1.5. Tí àwòrán wọn bá ní mítà kan àti ọ̀dà funfun lásán létí títì tí lọ́rì ń gbà, ẹ bi wọ́n pé ta ni wọ́n ń tàn.

Àwọn kan á ní tí wọ́n bá tiẹ̀ ṣe é tán, wọ́n ṣì lè tú u, ṣebí wọ́n yọ ọ̀nà kẹ̀kẹ́ Kensington High Street kúrò ní December 2020, kò ju bíi ọ̀sẹ̀ 7 lọ tí wọ́n ṣe é. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pá oníke ni wọ́n fi ṣe ìyẹn nígbà Kòrónà, kò ṣòroó tú. Ẹ gbìyànjú kẹ́ ẹ tú kọnkéré wò.

Lẹ́tà yín ò gbọdọ̀ ju ojú ewé kan lọ: orúkọ títì, nọ́ńbà tó wà lórí bébà yẹn, ohun tẹ́ ẹ kà àti ọjọ́ tẹ́ ẹ kà á, ohun kan tẹ́ ẹ fẹ́ kí wọ́n yí padà. Kí oníkálukú kọ tiẹ̀ o, ẹ má da ẹyọ kan kọ kí 40 èèyàn wá buwọ́ lù ú, wọ́n lè kà á sí ẹyọ kan. Tẹ́ ẹ bá ti fi ránṣẹ́ tí wọ́n dáhùn pé ó ti dé ọwọ́ àwọn, ẹ ya fọ́tò ìdáhùn yẹn, kí ọjọ́ tó wà lórí ẹ̀ hàn.