Bí mo ṣe tọ́ ẹja ọ́síkà márùn-ún dàgbà pọ̀ nínú táǹkì kan

Ìbéèrè tí àwọn èèyàn máa ń bi mí jù ni pé ṣé ẹja ọ́síkà (oscar), ẹja tí wọ́n ń sìn sínú ilé fún ẹwà, kì í pa ara wọn bí wọ́n bá pọ̀ nínú táǹkì kan. Wọ́n lè pa ara wọn. Ẹja alágídí ni, kì í fẹ́ kí ẹlòmíràn sún mọ́ ibi tó bá ti fi ṣe tirẹ̀. Ṣùgbọ́n mo tọ́ márùn-ún dàgbà nínú pálọ̀ mi ní Òkè-Àró, Àkúrẹ́, gbogbo wọn ló sì yè. Ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé kí wọ́n ti kékeré wọ inú omi kan náà lọ́jọ́ kan náà, kí omi náà sì pọ̀.

Odò Amazon ní Gúúsù Amẹ́ríkà ni wọ́n ti wá. Mọ̀lẹ́bí epìyà wa ni wọ́n. Ẹ wo lẹ́bẹ́ ẹ̀yìn àwọn méjèèjì, ẹ ó rí i. Nígbà tí ẹ bá rà wọ́n, wọn ò ju ìka ọwọ́ lọ, àmọ́ wọ́n lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 30 sí 35, wọ́n sì lè gbé ọdún 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ sìn wọ́n gbọ́dọ̀ ro ti àgbà wọn kó tó ra ọmọ wọn.

Nítorí náà ni mo ṣe ní kí wọ́n kan táǹkì tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 6, tó fẹ̀ ní 2, tó sì ga ní 2. Bàbá onígíláàsì tó bá mi ṣe é sábà máa ń ṣe fèrèsé, gíláàsì fèrèsé ni wọ́n sì kọ́kọ́ nawọ́ sí. Mo ní, “Ẹ̀yin bàbá, ẹ má bínú, omi tó máa wà nínú ẹ̀ wúwo ju àpò sìmẹ́ǹtì 12 lọ.” Wọ́n wò mí, wọ́n gbé rúlà sílẹ̀. “Ọmọ mi, mílímítà 12 la ó lò nìyẹn.” Gọ́ọ̀mù sílíkọ́ọ̀nù tí a fi lẹ̀ ẹ́ kò ní oògùn tí wọ́n fi ń dènà èéhù, torí oògùn yẹn lè pa ẹja. Orí búlọ́ọ̀kù àti pákó nípọn ni mo gbé e kà, mo tẹ́ fóòmù sábẹ́ rẹ̀, mo sì ṣe ìdérí sí i, nítorí ọ́síkà máa ń fò.

Omi ni mo kọ́kọ́ tọ́ kí n tó tọ́ ẹja. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà jù. Ìgbẹ́ ẹja, ìtọ̀ rẹ̀ àti oúnjẹ tó bá ṣẹ́kù máa ń di ámóníà, májèlé sì ni. Àwọn bakitéríà kan wà tí wọ́n ń sọ ámóníà di nitrite, májèlé lòun náà. Àwọn mìíràn á wá sọ nitrite di nitrate, èyí tí ẹja lè fara dà bí kò bá ti pọ̀ jù. Inú fóòmù fílítà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi táǹkì, ni púpọ̀ nínú àwọn bakitéríà yìí ń gbé, wọ́n sì máa ń lo nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí wọ́n tó gbilẹ̀. Àbúrò kan tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹja ní FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́, fún mi ní fóòmù tó ti dọ̀tí láti inú táǹkì tirẹ̀, mo fi í sínú fílítà mi, mo sì ń ju fíìdì díẹ̀díẹ̀ sínú omi tí kò sí ẹja kankan níbẹ̀. Inú ìyàwó mi kò dùn rárá sí táǹkì òfìfo tó gba gbogbo ẹ̀gbẹ́ ògiri. Mo ń fi oògùn àyẹ̀wò yẹ omi náà wò, àfi ìgbà tí ámóníà àti nitrite di òdo ni mo tó pe ẹlẹ́ja.

Èkó ni wọ́n ti kó wọn wá. Ẹlẹ́ja dì wọ́n sínú ọ̀rá, omi díẹ̀, ọ́síjìn púpọ̀, ó tò wọ́n sínú kúlà, wọ́n sì gba ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ dé. Mo jẹ́ kí ọ̀rá náà léfòó nínú táǹkì títí omi méjèèjì fi lọ́wọ́ọ́wọ́ bákan náà, lẹ́yìn náà ni mo bu omi tuntun sí wọn díẹ̀díẹ̀ kí n tó tú wọn sílẹ̀.

Kí ló dé tó fi jẹ́ márùn-ún, tí kì í ṣe méjì? A kò lè fojú lásán mọ akọ yàtọ̀ sí abo lára ọ́síkà. Bí ẹ bá ra méjì, tí wọn ò sì fẹ́ràn ara wọn, ẹyọ kan ṣoṣo ni yóò máa jẹ gbogbo ìyà. Nígbà tí wọ́n jẹ́ márùn-ún, ìyà náà pín. Èyí tó tóbi jù ń lé tibí, ó ń lé tọ̀hún, kò ráyè gbájú mọ́ ẹnì kan. Bí ìjà bá le, tí wọ́n ń fi ẹnu gbá ara wọn lẹ́nu mú, mo máa ń tún àwọn òkúta tò kí ààlà tí wọ́n ti pa lè dàrú. Wọn kì í fẹ́ bẹ́ẹ̀ o. Òmíràn á fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ sísàlẹ̀ omi, á bínú, á kọ oúnjẹ. Ẹ má bẹ̀rù, yóò dìde.

Fíìdì tó ń léfòó ni oúnjẹ wọn, mo sì ń fi edé àti ekòló kún un bí òjò bá rọ̀. Apá ibi méjì nínú táǹkì ni mo ń ju oúnjẹ sí kí ọ̀gá wọn má baà gba gbogbo rẹ̀. N kì í fún wọn ní ẹja ààyè, torí àrùn tó lè bá a wọlé. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni mo ń pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́ta omi náà. Ẹ̀fọ́ ẹ̀yìnkùlé ni mo ń bu èyí tí mo bá yọ sí, ewé rẹ̀ sì ń tutù yọ̀yọ̀. Omi bọ́hòlù ni mo fi ń dípò rẹ̀. Kò ní klórínì, oògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú omi ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ọ́síjìn inú rẹ̀ lè kéré, nítorí náà mo ń fi í sínú dùrọ́ọ̀mù mọ́jú, kí pọ́ǹpù máa fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Inú omi tí mo bá yọ nínú táǹkì ni mo ti ń fọ fóòmù fílítà, láìfi ọṣẹ kàn án, kí àwọn bakitéríà wa má baà kú.

Bí iná bá lọ, pọ́ǹpù oníbátìrì ló ń gbà wọ́n. Nígbà ọyẹ́, mo máa ń da bùláńkẹ́ẹ̀tì bo ẹ̀gbẹ́ táǹkì lóru, hítà sì ń ṣiṣẹ́ nígbà tí iná bá wà, kí ooru omi má baà lọ sílẹ̀ ju ìwọ̀n 24 ti Celsius lọ.

Nígbà tí wọ́n ti dàgbà dáadáa, méjì nínú wọn fúnra wọn yan ara wọn. Wọ́n jọ ń fi ẹnu nu òkúta pẹlẹbẹ kan, wọ́n sì ń lé àwọn mẹ́ta yòókù sí igun. Mo ti ṣètò ọ̀nà àwọn mẹ́ta yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀, torí táǹkì mi kò lè gba ọ́síkà márùn-ún tó ti gbó; ọ̀rẹ́ mi kan ní Ondo tó ní adágún onísìmẹ́ǹtì ló kó wọn. Ẹyin àkọ́kọ́ funfun, kò so ọmọ, wọ́n sì jẹ ẹ́. Bó ṣe sábà máa ń rí fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yé nìyẹn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n tún yé, ó pa lẹ́yìn bí ọjọ́ mẹ́ta, bàbá àti ìyá sì jọ ń ṣọ́ ọ. Artemia, ẹ̀dá omi kéékèèké tó jọ edé, tí àwọn tó ń tọ́ ọmọ ẹja àrọ̀ ń lò ni mo fi bọ́ àwọn ọmọ náà.

Mo ń fún àwọn èèyàn nínú wọn nísinsìnyí. Mo máa ń béèrè bí táǹkì wọn ṣe tóbi tó, mo sì máa ń bẹ̀ wọ́n pé bó bá sú wọn, kí wọ́n dá a padà fún mi, kí wọ́n má dà á sínú odò Àlà tàbí Ọ̀wẹnà. Ní Florida ní Amẹ́ríkà, ọ́síkà ti di ẹja inú odò tí kò ṣeé lé kúrò mọ́.