Bí A Ṣe Ń So Kọ̀ǹpútà Mẹ́rin Pọ̀ Nínú Ṣọ́ọ̀bù Láìná Owó Dátà

Lásìkò tí àwọn ọmọ FUTA (yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ìjọba àpapọ̀) bá ń fi project sílẹ̀, ẹ yà sí èyíkéyìí nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù títẹ̀wé tó wà ní South Gate nílùú Àkúrẹ́. Kọ̀ǹpútà mẹ́rin, prínta kan. Ẹni tó tẹ orí kejì parí á yọ fláàṣì, á dìde, á lọ tì í bọ kọ̀ǹpútà tí prínta wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tó jókòó síbẹ̀ á dá iṣẹ́ tirẹ̀ dúró. Wọ́n á rí àṣìṣe ní ojú ìwé kan, wọ́n á tún un ṣe, fláàṣì á tún rìn. Títí ilẹ̀ fi máa ṣú, fáìlì mẹ́ta tí orúkọ wọn jọra ti wà níbi mẹ́ta, kò sì sí ẹni tó mọ èyí tí supervisor fọwọ́ sí.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kékeré ló ń yanjú èyí. Kò sí ọ̀gá nínú rẹ̀, kò sí server kankan (kọ̀ǹpútà ńlá tó ń sin àwọn tó kù) tí ẹ máa rà. Kọ̀ǹpútà tó ní prínta á jẹ́ kí àwọn tó kù lò ó, èyí tí fáìlì wà lórí rẹ̀ á gbà kí wọ́n ṣí i láti ìdí tábìlì wọn. Ohun tí àwọn oníṣọ́ọ̀bù sì máa ń kọ́kọ́ bi mí ni, “Ẹ̀njíníà, mélòó ni dátà tó máa máa jẹ lóṣù?” Mà, kò jẹ dátà rárá. Inú ṣọ́ọ̀bù ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ló parí sí. Bí íntánẹ́ẹ̀tì wà, bí kò sí, iṣẹ́ ń lọ.

Windows tó wà lórí kọ̀ǹpútà tí gbogbo wa ń lò kì í gbà ju kọ̀ǹpútà 20 lọ tó bá fẹ́ wọlé sórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n bí tiyín bá ti lé ní mẹ́wàá, ọ̀rọ̀ server ló kàn, ẹ má fi èyí ṣe é.

Ohun tí ẹ máa rà kò pọ̀. Switch oníhò mẹ́jọ kan, ìyẹn àpótí kékeré tí wáyà gbogbo kọ̀ǹpútà máa pàdé sí (ẹ má ra oníhò márùn-ún torí pé kọ̀ǹpútà yín jẹ́ mẹ́rin, ọ̀la ń bọ̀), wáyà Cat5e tàbí Cat6, àwọn orí RJ45, ẹ̀mú tí wọ́n fi ń tẹ orí náà mọ́ wáyà, àti ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń yẹ wáyà wò. Bí ẹ kò bá fẹ́ fọwọ́ ara yín tẹ orí wáyà, wọ́n ń ta èyí tí wọ́n ti ṣe parí. Bí kọ̀ǹpútà bá sì jẹ́ méjì péré, ẹ ò nílò switch: wáyà kan láti ara èkíní sí ara èkejì ti tó, àwọn kọ̀ǹpútà òde òní á mọ bí wọ́n ṣe máa bára wọn sọ̀rọ̀.

Ibi tí owó ti máa ń bọ́ sọ́wọ́ gbájúẹ̀ ni wáyà. Kí ẹ tó kúrò níwájú ẹni tó ń tà á, ẹ ní kó gé díẹ̀ fún yín, kí ẹ fi abẹ ha ara okùn tín-ín-rín kan nínú mẹ́jọ náà. Bó bá pupa dénú, bàbà gidi ni. Bó bá funfun lábẹ́ ibi tí ẹ ha, alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò ni. Ó máa ń tètè ṣẹ́, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á sì máa já láìnídìí. Ẹ fi sílẹ̀ fún un.

Àwọn kan á ní Wi-Fi ti tó. Ó lè ṣe é, pàápàá bí ó bá jẹ́ láptọ́ọ̀pù nìkan lẹ ní. Ṣùgbọ́n fún ṣọ́ọ̀bù tí ń tẹ̀wé látàárọ̀ dalẹ́, wáyà ni tèmi. Wi-Fi àwọn ṣọ́ọ̀bù tó yí yín ká á máa dí tiyín lọ́wọ́, ẹni tó bá sì jí páswọ́ọ̀dù yín mọ̀ lè jókòó sí ìta kó máa wo fáìlì oníbàárà.

Ẹ na wáyà láti ìdí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan dé ìdí switch. Kò gbọ́dọ̀ ju mítà 100 lọ, ṣọ́ọ̀bù wo ló sì gùn tó bẹ́ẹ̀? Ẹ jẹ́ kó ṣẹ́ kù díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Ẹ má dì í mọ́ wáyà iná tàbí ti jẹnẹrétọ̀, ẹ má sì jẹ́ kó gba ojú ọ̀nà tí àwọn èèyàn á máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Títẹ orí wáyà ló gba sùúrù. Ẹ bó èèpo rẹ̀ ní nǹkan bí ìdiwọ̀n sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta. Okùn mẹ́jọ ni ẹ máa rí, méjì méjì ni wọ́n lọ́ mọ́ra. Ẹ tú wọn, ẹ fi ìka nà wọ́n títí wọ́n á fi gún régé, kí ẹ wá tò wọ́n báyìí láti ọwọ́ òsì: funfun tó ní ìlà ọsàn, aláwọ̀ ọsàn, funfun tó ní ìlà ewé, búlúù, funfun tó ní ìlà búlúù, aláwọ̀ ewé, funfun tó ní ìlà búráùn, búráùn. Ẹ wò ó dáadáa: búlúù ló bọ́ sáàárín aláwọ̀ ewé àti funfun rẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í tò. Ẹ gé orí wọn kó dọ́gba, kó ku bíi sẹ̀ǹtímítà kan àti díẹ̀. Ẹ mú orí RJ45 kí ahọ́n ike rẹ̀ wà lẹ́yìn, kí eyín bàbà rẹ̀ kọjú sí yín, kí ẹ ti okùn wọlé láti ìsàlẹ̀ títí wọ́n á fi kan òkè. Èèpo wáyà náà gbọ́dọ̀ wọnú orí náà díẹ̀, kí ẹ̀mú lè tẹ ike mọ́ ọn. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá fà á báyìí, ó máa yọ. Ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ ṣe orí kejì bákan náà gẹ́lẹ́. Ẹ fi ẹ̀rọ yẹ̀ ẹ́ wò: iná rẹ̀ gbọ́dọ̀ tàn láti 1 dé 8 tẹ̀léra wọn. Bí ọ̀kan bá fò, ẹ gé orí náà dànù, ẹ tẹ òmíràn.

Ẹ so gbogbo rẹ̀ mọ́ switch, kí iná kékeré sì tàn ní ojú ihò kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi switch sórí ínfátà tàbí UPS kan náà tí kọ̀ǹpútà wà. Iná tó ń jẹ kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá mú iná lọ tí òun nìkan kú, gbogbo yín ti kú nìyẹn. Bí ààrá bá ti ń sán, ẹ yọ ọ́ lára iná.

Ó kù kí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ní àdírẹ́sì. Bí router (ẹ̀rọ tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wọ ṣọ́ọ̀bù) bá wà, òun á pín in fún wọn. Bí kò bá sí, Windows á fún ara rẹ̀ ní èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254, kò sì ṣeé gbára lé. Ẹ fọwọ́ kọ ọ́ sí i: ní “Settings”, “Network & internet”, “Ethernet”, ẹ yí IP assignment sí “Manual”, ẹ tan IPv4. Kọ̀ǹpútà prínta ni 192.168.10.1, àwọn tó kù ni 192.168.10.2, 192.168.10.3 àti 192.168.10.4. “Subnet mask” gbogbo wọn ni 255.255.255.0. Ẹ má kọ nǹkan kan sí “Gateway”, ìyẹn ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà jáde sí íntánẹ́ẹ̀tì. Èyí ló máa jẹ́ kí ẹni tó ń lo hotspot fóònù lè máa rí íntánẹ́ẹ̀tì lọ láìdí ara wọn lọ́wọ́. Àdírẹ́sì méjì kò gbọ́dọ̀ jọra. Ẹ kọ ti kọ̀ọ̀kan sórí pépà, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara rẹ̀.

Ẹ fún kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tí kò ju lẹ́tà 15 lọ, bíi PRINTA, TITE1, TITE2. Gbogbo wọn gbọ́dọ̀ wà nínú workgroup kan náà; WORKGROUP tí Windows fi sí i kò ní àléébù.

Ibí yìí ni ó ti máa ń sú ọ̀pọ̀ èèyàn. Nítorí pé kò sí gateway, Windows kò mọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì yìí, á pè é ní “Unidentified network”, á sì kà á sí “Public”, bí ẹni pé ìta gbangba lẹ wà. Kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí yín. Bí tiyín bá jẹ́ Windows Pro, ẹ ṣí secpol.msc, ẹ wọ “Network List Manager Policies”, ẹ sọ “Unidentified Networks” di Private, ó parí. Lórí Windows Home, ẹ ṣí PowerShell bí administrator, kí ẹ tẹ èyí:

Set-NetConnectionProfile -InterfaceAlias "Ethernet" -NetworkCategory Private

Ó lè padà sí Public lẹ́yìn tí ẹ bá pa kọ̀ǹpútà tí ẹ sì tún tàn án. Ẹ tún un tẹ̀ nígbà náà. Lẹ́yìn èyí, ní “Advanced sharing settings”, ẹ tan “Network discovery” àti “File and printer sharing” lábẹ́ Private. Ẹ má pa “Password protected sharing”, ohun yòówù kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín.

Lórí kọ̀ǹpútà PRINTA, ẹ dá account kan sílẹ̀, ẹ pè é ní soobu, ẹ fún un ní páswọ́ọ̀dù gidi. Account tí kò ní páswọ́ọ̀dù kì í gba ojú nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọlé, PIN tí ẹ fi ń ṣí kọ̀ǹpútà kò sì ṣiṣẹ́ níbí. Mo ti rí ẹni tó tẹ PIN títí tó fi bínú dìde.

Ẹ ṣe fódà kan, ISE, ní C. Ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún mouse tẹ̀ ẹ́, “Properties”, “Sharing”, “Advanced Sharing”. Nínú “Permissions”, ẹ yọ Everyone kúrò, ẹ fi soobu sí i, ẹ gbà fún un ní “Change” àti “Read”. Ẹ tún lọ sí “Security”, ẹ fún soobu ní “Modify” níbẹ̀ náà. Ilẹ̀kùn méjì ni, èyí tó bá há jù ló ń ṣe ìdájọ́. Ẹ má ṣí gbogbo C sílẹ̀ láéláé. Láti TITE1, ẹ tẹ \\192.168.10.1\ISE sí ojú àdírẹ́sì File Explorer, ẹ fi PRINTA\soobu àti páswọ́ọ̀dù wọlé.

Prínta kò le: “Printer properties”, “Sharing”, ẹ fún un ní orúkọ kúkúrú. Lórí àwọn tó kù, ẹ lọ sí \\192.168.10.1, ẹ tẹ prínta náà lẹ́ẹ̀mejì. Kọ̀ǹpútà PRINTA gbọ́dọ̀ máa wà ní títàn, nítorí náà kó má jẹ́ èyí tó ti gbó jù nínú ṣọ́ọ̀bù. Bí prínta bá ní ihò nẹ́tíwọ́ọ̀kì tirẹ̀, ẹ so ó tààrà mọ́ switch, kó má gbára lé kọ̀ǹpútà kankan.

Bí kò bá lọ, ẹ ṣí Command Prompt, ẹ tẹ ping 192.168.10.1. Bó bá ní “Destination host unreachable”, ẹ wo wáyà àti àdírẹ́sì. Bó bá ní “Request timed out”, firewall (ògiri ààbò Windows) ni, àfàìmọ̀ kó má ti padà sí Public.

Ẹnìkan lè gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ tan SMB1, ọ̀nà àtijọ́ tí Windows fi ń pín fáìlì, kí kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó ń lo Windows XP lè wọlé. Ẹ kọ̀ fún un. Ọ̀nà yẹn ni kòkòrò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní WannaCry gbà wọ kọ̀ǹpútà káàkiri ayé ní oṣù karùn-ún ọdún 2017, tó ti fáìlì wọn pa tó sì ń bèèrè owó. Kí kọ̀ǹpútà àtijọ́ náà máa lo fláàṣì tirẹ̀.

Láptọ́ọ̀pù oníbàárà náà kò gbọ́dọ̀ kan switch. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, TITE2 bí ẹ bá fẹ́, ni kó máa gba fláàṣì àlejò, kí antivirus rẹ̀ wà ní ìmúdójúìwọ̀n, kó yẹ fáìlì wò kó tó wọ ISE. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tó ti ṣọ́ọ̀bù, ẹ da ISE kọ sórí hard disk ìta, kí ẹ yọ ọ́, kí ẹ mú un lọ sílé.