Bí A Ṣe Ń Kọ́ Ilé Gíláàsì Oníewéko fún Àkèré Orí Ewé

Ẹni tí ó bá tan tọ́ọ̀ṣì sí etí àkùrọ̀ ní alẹ́ ọjọ́ tí òjò rọ̀ yóò rí wọn lórí ewé kókò àti koríko etí omi: àkèré kéékèèké tí kò gùn tó ìka ọwọ́ àgbà. Ọ̀kan tí ó wọ́pọ̀ nínú oko wa ni èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Hyperolius concolor. Róbótó ni orí ìka ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ rí, ìyẹn ló fi ń lẹ̀ mọ́ ewé. Bí oòrùn bá mú, yóò ká ọwọ́ àti ẹsẹ̀ sábẹ́ ikùn, yóò lẹ̀ pẹ́kẹ́ mọ́ ojú ewé, kò sì ní mira títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

A kọ ìwé yìí fún ìdílé, olùkọ́ àti àgbẹ̀ tí ó bá fẹ́ sin mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú wọn sínú ilé gíláàsì, láàárín ewéko tí ó wà láàyè. Ohun tí ó ga jù nínú gbogbo rẹ̀ ni pé ewéko ni kí ẹ kọ́kọ́ sìn. Àkèré ni yóò wọlé kẹ́yìn. Bí ewéko bá ti ta gbòǹgbò, tí ilẹ̀ inú àpótí sì ti mọ bí a ti ń jẹ ìdọ̀tí run fúnra rẹ̀, iṣẹ́ tí yóò kù fún yín kò tó nǹkan.

Àpótí náà

Kí ó ga ju bí ó ti fẹ̀ lọ, nítorí òkè ni ẹranko yìí ń gbé. Sẹ̀ntímítà 45 ní ìbú, 45 ní òró, 60 ní gíga, ó tó. Àwọn tí ń gé gíláàsì fèrèsé lè gé e fún yín. Gíláàsì oní-mìlímítà 5 ni kí ẹ béèrè. Bí ó bá ti gba òkúta, ilẹ̀ àti omi, ó lè wọ̀n tó kílò 45, nítorí náà tábìlì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n kò lè gbé e.

Gọ́ọ̀mù sílíkóònù ni a fi ń lẹ̀ ẹ́. Ẹ má ra èyí tí wọ́n ṣe fún balùwẹ̀ tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀ pé kì í jẹ́ kí ògiri bu. Oògùn tí ń pa ohun tí ń bu ló wà nínú rẹ̀, awọ àkèré yóò sì fà á mu. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti lẹ̀ ẹ́ tán, ẹ fi sílẹ̀ ní ó kéré tán ọ̀sẹ̀ kan, títí òórùn rẹ̀ yóò fi lọ pátápátá. Bí imú yín bá ṣì ń gbọ́ ọ, kò tíì gbẹ.

Òkè àpótí ni atẹ́gùn yóò gbà wọlé, nẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ fi bo ìdajì rẹ̀. Nẹ́ẹ̀tì ojú fèrèsé lásán ni mo ń sọ o. Nẹ́ẹ̀tì orí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ń pín ní ilé ìwòsàn ti mu oògùn apẹ̀fọn. Oògùn tí ń pa ẹ̀fọn lè pa àkèré náà lára, yóò sì pa kòkòrò tí ẹ fẹ́ fi bọ́ ọ.

Ilẹ̀ inú rẹ̀

Ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ tí ẹ ti fọ̀ sí ìsàlẹ̀, kí ó ga tó sẹ̀ntímítà 5. Ibẹ̀ ni omi tí ó bá pọ̀ jù yóò máa sọ̀ sí, kí gbòǹgbò má baà rà. Ẹ tẹ́ nẹ́ẹ̀tì lé e kí ilẹ̀ má bàa jò sínú òkúta, kí ẹ wá da ilẹ̀ sórí: èèpo àgbọn tí ẹ ti ya wẹ́wẹ́ bíi kànrìnkàn, iyanrìn odò díẹ̀, èédú tí ẹ gún sí wẹ́wẹ́, àti ewé jíjẹrà. Ẹ jẹ́ kí ó nípọn lẹ́yìn ju iwájú lọ; ẹ óò rí inú rẹ̀ dáadáa, omi yóò sì máa ṣàn wá síwájú. Ajílẹ̀ kankan kò gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́, ì báà ṣe ti inú àpò, ì báà ṣe ìgbẹ́ adìyẹ.

Ibi tí ẹ ti bu ilẹ̀ àti ewé ṣe pàtàkì gan-an. Ẹ̀yin àgbẹ̀ oníkòkó, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bu ewé tàbí gé ẹ̀ka nínú oko kòkó. Oògùn oníbàbà tí a ń fín kí kòkó má baà dúdú kì í tètè kúrò lára ewé àti ilẹ̀, bàbà sì jẹ́ májèlé fún àwọn ọmọ àkèré tí wọ́n ṣì ń gbé inú omi. Etí oko tí a ń fín oògùn apakòríko sí náà kò dára. Ewé furúùtù tí ó gbẹ tí ó sì já lábẹ́ igi rẹ̀ nínú àgbàlá ni mo fẹ́ràn jù: ó gbòòrò, ó pẹ́ kí ó tó jẹrà, àkèré sì lè fara pamọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ẹ sè é fún ogún ìṣẹ́jú, ẹ sá a, kí ẹ tó tẹ́ ẹ. Fún igi tí wọn yóò máa gùn, ẹ̀ka gúáfà dára, ó le, kì í tètè jẹrà.

Ewéko

Ewé onírun tí ń hù lára ọ̀pẹ wúlò púpọ̀. Ẹ yọ kékeré rẹ̀ pẹ̀lú gbòǹgbò. Ewé tí a máa ń gbìn sínú ìkòkò tí í fà káàkiri ògiri pálọ̀, tí funfun tàbí yẹ́lò wà lójú rẹ̀, kò ṣòro: bí ẹ bá gé e níbi oríkèé, tí ẹ sì fi sínú omi, yóò ta gbòǹgbò. Anubias barteri, tí í hù lára òkúta àti igi etí odò ní gúúsù ilẹ̀ wa, dára fún igun tí ìmọ́lẹ̀ kò pọ̀ sí. Ẹ má ri igi rẹ̀ mọ́lẹ̀. Òwú ni kí ẹ fi so ó mọ́ ẹ̀ka, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò rà. Fún ojú ilẹ̀, ẹ họ ewéko tútù rírọ̀ tí í bo ìdí igi lásìkò òjò. Ọjà ìkookò ń pẹ́ láyé, ṣùgbọ́n ilẹ̀ gbígbẹ ló fẹ́. Inú àpótí yìí ni yóò ti rà.

Ẹ fọ gbogbo ewéko pẹ̀lú gbòǹgbò nínú omi mímọ́, kí ẹ wo abẹ́ ewé fún ẹyin ìgbín. Lẹ́yìn náà, ẹ wá àwọn kòkòrò eléérú kékeré tí í ká ara wọn jọ lábẹ́ bíríkì títutù nínú àgbàlá tí a kì í fín oògùn sí, kí ẹ fi bí ogún sínú ilẹ̀. Ìgbẹ́ àkèré àti ewé jíjẹrà ni oúnjẹ wọn. Ọ̀kùn kò gbọ́dọ̀ bá wọn wọlé, nítorí oró ara rẹ̀.

Ẹ wá fi àpótí náà sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láìsí ẹranko. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ohun funfun bí òwú yóò hù sára igi. Ẹ má jáyà, ẹ má sì fi oògùn sí i; àwọn kòkòrò yẹn yóò jẹ ẹ́.

Omi, ìmọ́lẹ̀ àti ooru

Àkèré kì í fi ẹnu mu omi. Awọ abẹ́ ikùn rẹ̀ ni omi ń gbà wọlé. Ìyẹn ni pé ohunkóhun tí ó bá wà nínú omi yín ti wọ inú rẹ̀. Òjò tí ẹ gbè lẹ́yìn tí òjò mélòó kan ti fọ òrùlé ló dára jù. Bí omi ẹ̀rọ bá ní òórùn kúlórínì, ẹ bu ú sínú bàsíà, kí ẹ ṣí i sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Àwo omi kò gbọ́dọ̀ jìn, kí ẹ sì gbé òkúta sínú rẹ̀ kí ẹni tí ó bá já sí i lè gùn jáde.

Ẹ máa fín omi sára ewé láàárọ̀ àti ní alẹ́. Nígbà ọyẹ́, tí ètè ènìyàn ń là, ẹ fi ọ̀rá bo apá kan nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì fi ẹ̀ẹ̀kan kún un lọ́sàn-án. Ní àárín òjò, ẹ dín in kù. Gíláàsì tí ó ṣú láti àárọ̀ di alẹ́ ń sọ fún yín pé atẹ́gùn kò tó.

Ẹ má gbé e síbi tí oòrùn ti ń wọlé tààrà. Láàárín wákàtí kan péré, oòrùn lè se ohun tí ó wà nínú àpótí gíláàsì pa. 24°C sí 29°C ló tù wọ́n lára. Gílóòbù LED funfun kan, wákàtí méjìlá lójúmọ́, tó fún ewéko. Kì í jẹ iná púpọ̀, bátìrì sólà kékeré lè gbé e nígbà tí iná bá lọ.

Èèrà ni ọ̀tá tí ó burú jù. Wọ́n lè pa gbogbo àkèré inú àpótí lóru ọjọ́ kan. Ẹ ki ẹsẹ̀ tábìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bọ agolo omi, kí ẹ kán epo díẹ̀ sí i kí ẹ̀fọn má baà yé sí ibẹ̀, kí ẹ sì rí i pé tábìlì kò kan ògiri.

Oúnjẹ

Ohun tí kò bá tóbi ju àlàfo àárín ojú rẹ̀ méjèèjì ni kí ẹ fún un: ọmọ ìrẹ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú ẹyin, ikán, àti eṣinṣin wẹ́wẹ́ tí ń yí ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n ká. Ẹ fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó ti pọ́n jù sínú ike, ẹ gbé e sí ilé ìdáná. Bí eṣinṣin bá ti kún un, ẹ dé e, kí ẹ ṣí i sínú àpótí ní ìrọ̀lẹ́. Èèpo ẹyin tí ẹ sè, tí ẹ sì lọ̀ kúnná, ni kí ẹ máa gbọ̀n sára kòkòrò náà lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ fún egungun wọn. Èsúnsún tí ẹ ṣà nídìí iná àdúgbò léwu, ẹ kò mọ ẹni tí ó ti fín òtapíápíá síbẹ̀.

Ibi tí a ti ń mú àkèré, àti ibi tí a kì í dá a padà sí

Ilẹ̀ tiyín ni kí ẹ ti mú un, kì í ṣe igbó ọba tàbí ọgbà ẹranko ìjọba. Ẹ mú ìwọ̀nba díẹ̀, kí ẹ sì mọ èyí tí ẹ ń mú. Ọ̀pọ̀lọ́ kan wà lórí àwọn òkè Ìdànrè, Sclerophrys perreti, tí a kò rí ibòmíràn tí ó ń gbé ní gbogbo ayé. Àwọn tó wà níbẹ̀ kò ṣeé fi kún ohun ọ̀sìn ẹnikẹ́ni.

Àrùn kan tún wà tí ó yẹ kí gbogbo wa mọ̀. Ẹ̀yà olú kan tí ojú lásán kò rí, Batrachochytrium dendrobatidis, ni ó ń fà á. Inú awọ ni ó ń gbé, ó sì ti pa ọ̀pọ̀ irú àkèré run ní Ọsirélíà àti Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà. Wọ́n ti rí i ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn onímọ̀ ṣe àyẹ̀wò káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2013, wọn kò rí i ní àwọn ìlú tó wà ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ ọ̀dàn tó la Benin àti Togo já. Nítorí náà, àkèré, ewéko tútù tàbí omi inú àpótí kò gbọ́dọ̀ bá yín sọdá ẹnubodè, ì báà jẹ́ pé ẹ̀bùn fún ẹbí ni.

Ẹ fi omi mímọ́ fọ ọwọ́ kí ẹ tó ki í bọ inú àpótí, kí ẹ má sì lo ọṣẹ. Tí ẹ bá ṣe tán, ẹ wá fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, pàápàá àwọn ọmọdé. Omi tí ẹ bá gbọ́n kúrò, orí ilẹ̀ gbígbẹ tí oòrùn ń pa ni kí ẹ dà á sí, níbi tí ó jìnnà sí odò àti àkùrọ̀. Àkèré tí ó bá ti gbé pẹ̀lú èyí tí ó wá láti ibòmíràn kò gbọ́dọ̀ padà sóko mọ́. Bí ọ̀kan bá kú, ẹ sun ún, tàbí kí ẹ rì í mọ́lẹ̀ jìnnà sí omi, kí ẹ má sì mú òmíràn wọlé fún oṣù kan, títí ẹ ó fi rí i pé àwọn tó kù ń jẹun, wọ́n sì ń jáde ní alẹ́.