Bí ẹ ṣe lè fi AI orí fóònù múra sílẹ̀ kí ẹ tó mú aláìsàn dé iwájú dókítà

Ìyá mi ń pa aró ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá a jà, wọ́n sì ti fún un ní oògùn kan tó ń jẹ́ amlodipine. Gbogbo ìgbà tí a bá lọ sí ilé ìwòsàn, dókítà á bi í pé, "Màmá, ṣé ẹ ń lo oògùn yín?" Òun náà á ní, "Mò ń lò ó, Dókítà." Síbẹ̀ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò wálẹ̀. Ni wọ́n bá fi kún oògùn náà.

Ìyá mi kò lò ó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú nígbà tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó fura sí oògùn yẹn, ó dá a dúró, ojú sì ń tì í láti sọ ọ́. Ìfura rẹ̀ sì ní ìdí: amlodipine a máa mú ọrùn ẹsẹ̀ àwọn kan wú, dókítà tó bá gbọ́ sì lè pààrọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún un? Èmi pàápàá kò mọ̀, àfi lálẹ́ ọjọ́ kan tí mo ń fi AI orí fóònù mi, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fèsì ohun tí a bá kọ sí i, to ìbéèrè tí a máa bi dókítà. Ẹ̀rọ náà ní kí n kọ́kọ́ bi ìyá mi bóyá àwọn ọjọ́ kan wà tí kò lo oògùn, kí n bi í ní ohun tó fà á, kí n má sì bá a wí. Mo bi í bẹ́ẹ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, má sọ fún dókítà o."

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi AI ṣe nìyẹn. N kò ní kó máa sọ àìsàn tó ń ṣe yín. Mo fẹ́ kó ràn yín lọ́wọ́ kí ọ̀rọ̀ ẹnu aláìsàn dé etí dókítà láìdín, kí ọ̀rọ̀ dókítà náà sì padà dé etí aláìsàn ní èdè tó gbọ́. Àwọn kan nílẹ̀ Áfíríkà ti ń lò ó láti ọ̀dọ̀ oníṣègùn. Ní Nairobi, àwọn ilé ìwòsàn kan tó ń jẹ́ Penda Health gbé AI kan sínú kọ̀ǹpútà tí àwọn oníṣègùn wọn fi ń kọ ọ̀rọ̀ aláìsàn sílẹ̀. Bó bá rí ohun tó kù díẹ̀ káàtó, á ta wọ́n lólobó, àwọn ni yóò sì pinnu. Ìwádìí tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2025 fi hàn pé àṣìṣe dínkù láwọn ilé ìwòsàn 15 tí wọ́n ti dán an wò. Ní ọ̀dọ̀ aláìsàn ni tiwa wà. Fóònù àti dátà díẹ̀ tó o. ChatGPT, Gemini tàbí Meta AI inú WhatsApp, èyíkéyìí tó bá wà lọ́wọ́ yín ni kẹ́ ẹ lò.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Bí ẹnu ẹnì kan bá ṣàdédé wọ́, tí apá tàbí ẹsẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kan rọ, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń lọ́, tí àyà ń dùn ún gan-an, tí kò lè mí délẹ̀, tí ọmọdé ń ṣe gìrì, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára aboyún, ẹ má ṣí AI kankan. Ilé ìwòsàn tààrà. Nọ́ńbà 112 náà wà tí ẹ lè pè.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kó oògùn jọ

Ẹ fi fóònù sílẹ̀ ná, ẹ mú bébà kan. Ẹ kó gbogbo oògùn tó wà lábẹ́ ìrọ̀rí, nínú báàgì àti lórí fìríìjì jáde. Ẹ kọ orúkọ tó wà lára páálí àti nọ́ńbà tó tẹ̀lé e, bíi amlodipine 10mg. Ẹ kọ àgbo mọ́ ọn. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa kì í fẹ́ dárúkọ àgbo níwájú dókítà, a rò pé á bínú. Ẹ kọ ọ́. Àgbo àti oògùn òyìnbó lè ta kora nínú ara, ẹni tí kò sì mọ̀ pé àgbo wà níbẹ̀ kò lè ronú kàn án. Bó bá jẹ́ pé ọwọ́ eléwé ọmọ lẹ ti rà á, ẹ kọ ohun tó ní ó wà nínú rẹ̀ àti iye ife tí aláìsàn ń mu.

Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá, ẹ wọ̀n ọ́n láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan ṣáájú. Kí aláìsàn kọ́kọ́ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, kó fẹ̀yìn ti àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì kan ilẹ̀, kí apá rẹ̀ wà lórí tábìlì ní ọ̀gangan àyà, kó má sì máa sọ̀rọ̀. Kó má jẹ obì tàbí mu kọfí láàárín ìṣẹ́jú 30 ṣáájú, nítorí ohun kan náà ló wà nínú àwọn méjèèjì tó ń lé ìfúnpá sókè. Ẹ kọ nọ́ńbà òkè, ti ìsàlẹ̀, àti ọjọ́ tí ẹ wọ̀n ọ́n.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, kẹ́ ẹ sì bi í ní ìtumọ̀ rẹ̀

Ibí yìí lèmi ti kọ́kọ́ ṣì í. Ìyá mi ní, "Àyà mi ń já." Mo tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, AI sì bẹ̀rẹ̀ sí í tù mí nínú, ó ní ẹ̀rù ló ń ba màmá, kí ó máa mí kanlẹ̀. Òótọ́ ni, ẹni tẹ́rù bà, àyà rẹ̀ a máa já. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo padà bi ìyá mi, ó ní ọkàn òun ló ń lù kìkìkì bí òun bá gbé omi aró. Mo kọ èyí, èsì sì yí padà pátápátá: ẹ̀rọ náà ní kí ó wà lára ohun àkọ́kọ́ tí a máa sọ fún dókítà.

"Ibà" náà ńkọ́? Lẹ́nu wa, ara gbígbóná, ara ríro, ẹnu kíkorò, ibà ni gbogbo rẹ̀. Bí ẹ bá kọ "ibà" lásán, AI lè gba ọ̀nà malaria lọ, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò tíì yẹ ẹ̀jẹ̀ aláìsàn wò. Jẹ̀díjẹ̀dí tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹnì kan fi ń pe ìgbẹ́ ọ̀rìn, ẹnì kan fi ń pe ìdí yíyọ, ẹ̀yìn ríro ni tẹlòmíràn. Ẹ jẹ́ kí orúkọ àìsàn dúró ná. Ẹ kọ ibi tó ti ń dùn ún, bó ṣe ń ṣe é, ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, ohun tó ń mú un le sí i àti ohun tó ń mú un rọlẹ̀.

Ẹ má fojú kéré àmì ohùn. Ìwé Yorùbá tí àwọn ẹ̀rọ yìí fi kọ́ èdè wa kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, púpọ̀ nínú rẹ̀ ni kò sì ní àmì. Bí ẹ bá tẹ "ese n dun un", ṣé ẹsẹ̀ ni, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni, ṣé ẹ̀ṣẹ́ ni? Gboard, pátákó ìtẹ̀wé tó wà lórí ọ̀pọ̀ fóònù Android, ní Yorùbá nínú, ẹ lè fi kọ àmì. Bí ìyẹn bá ṣòro, ẹ fi gbólóhùn gígùn ṣàlàyé, kí àwọn ọ̀rọ̀ yòókù tọ́ ẹ̀rọ sọ́nà, kẹ́ ẹ sì ní kó kọ́kọ́ tún ohun tó yé e sọ fún yín kó tó dáhùn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ bo orúkọ

Kò sí orúkọ aláìsàn, kò sí nọ́ńbà fóònù, kò sí nọ́ńbà káàdì ilé ìwòsàn, kò sí NIN. Bí ẹ bá fẹ́ ya fọ́tò èsì àyẹ̀wò, ẹ ká apá ibi tí orúkọ wà sẹ́yìn. Òfin ààbò dátà tí Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera ènìyàn sí ohun tó nílò ààbò àkànṣe. Kí àwa fúnra wa má ṣe tú u síta.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ béèrè

Irú ohun tí mo kọ rèé, ẹ lè tún un ṣe bó ṣe bá tiyín mu:

"Màmá ẹni ọdún 67 ni, ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Wọ́n fún un ní amlodipine 5mg lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, wọ́n sì ti fi kún un di 10mg. Ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ó sì ti dá a dúró fúnra rẹ̀ láti oṣù méjì, dókítà kò mọ̀. Ìfúnpá rẹ̀ láàárọ̀ yìí jẹ́ 158 lórí 94. Ọ̀túnla la ń lọ rí dókítà, àyè kì í sì í pọ̀. Má sọ irú àìsàn tó jẹ́, má dárúkọ oògùn tuntun. Kọ́kọ́ bi mí ní ohun tí mo gbàgbé, lẹ́yìn náà kí o to ìbéèrè márùn-ún sílẹ̀ ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì, kí èyí tó ṣe kókó jù ṣáájú."

Gbólóhùn "kọ́kọ́ bi mí ní ohun tí mo gbàgbé" ni ẹ ò gbọdọ̀ fò. Òun ló tú àṣírí oògùn ìyá mi nígbà tí mo kọ́kọ́ béèrè, kí n tó mọ̀ pé kò lò ó mọ́. Ìbéèrè márùn-ún tó, torí ẹni tó bá gbé ogún wọlé kò ní rí ìdáhùn sí èyí tó ká a lára jù.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ yẹ èsì náà wò

AI a máa sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ìgboyà, ohùn rẹ̀ kò sì ní yí padà. Nítorí náà, iye oògùn tó bá dárúkọ, ẹ má lò ó, ẹ má sì tìtorí rẹ̀ dá oògùn kankan dúró. Ẹ mú ohun tó sọ lọ bá apòògùn, kẹ́ ẹ bi í léèrè. Ẹ tún bi AI náà ní ìbéèrè kan náà ní èdè kejì. Bí ìdáhùn méjèèjì bá yàtọ̀, ọ̀rọ̀ di ti dókítà.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ mú bébà wọlé, kí aláìsàn sì sọ̀rọ̀

Ẹ da ìbéèrè márààrún kọ sórí bébà kan náà tí oògùn wà. Fóònù lè kú, bébà kì í kú. Bí dókítà bá ti jókòó, ẹ fún un ní bébà náà, ẹ ní, "Ẹ jọ̀ọ́ Dókítà, ohun tí màmá fẹ́ sọ ló wà níbẹ̀." Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀yin ọmọ, ẹ dákẹ́. Màmá ló ni ara rẹ̀.

Kì í ṣe àṣà àjèjì ni kí ará ilé wà nínú ìtọ́jú aláìsàn. Nílùú wa níhìn-ín ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adeoye Lambo, ọmọ bíbí Abẹ́òkúta, ti bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé Aro lọ́dún 1954: àwọn aláìsàn ọpọlọ ń gbé nínú àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, ará ilé wọn wà lọ́dọ̀ wọn, ó ń se oúnjẹ fún wọn, wọ́n sì ń ti ibẹ̀ lọ gba ìtọ́jú. Káàkiri ayé ni wọ́n ti mọ iṣẹ́ yẹn. Mo máa ń rántí rẹ̀ bí mo bá jókòó ti ìyá mi lórí bẹ́ǹṣì.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, òun fúnra rẹ̀ ló la ẹnu. Ó ní, "Dókítà, mi ò lò ó. Ẹsẹ̀ mi ló wú." Dókítà kò bínú. Ó tẹ ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ wò, ó yẹ ọkàn rẹ̀ wò, ó sì pààrọ̀ oògùn.

Ìgbésẹ̀ keje: nígbà tí ẹ bá délé

Kí ẹ tó kúrò níwájú dókítà tàbí nọ́ọ̀sì, ẹ tún ohun tí wọ́n ní kẹ́ ẹ ṣe sọ sí etígbọ̀ọ́ wọn. Nílé, ẹ lè ní kí AI kọ ọ́ ní Yorùbá kedere, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra. Wọ́n kọ "every other day" sínú ìwé oògùn aládùúgbò wa kan, AI sì túmọ̀ rẹ̀ sí "ní gbogbo ọjọ́ mìíràn". Ta ni yóò gbọ́ ìyẹn tí kò ní máa lò ó lójoojúmọ́? Ohun tó yẹ kó kọ ni pé: lo ó lónìí, fo ọ̀la, tún lò ó lọ́túnla. Torí náà, ẹ ní kí ẹ̀rọ náà dá Yorùbá rẹ̀ padà sí Gẹ̀ẹ́sì, kẹ́ ẹ fi wé ohun tí dókítà kọ.

Ní ti oúnjẹ, bí ẹ kò bá sọ fún un, á ní kí màmá máa jẹ òótì àti ẹja salmon. Ẹ sọ fún un pé láfún ló ń jẹ, ọbẹ̀ ewédú, ẹ̀fọ́, ìrẹsì ọ̀fadà, ẹ sì sọ iye kúùbù magí tó ń wọ inú ìkòkò. Nígbà tí mo ṣe bẹ́ẹ̀, kò ní kó jáwọ́ nínú láfún, ó ní kí òkèlè má tóbi jù, magí àti iyọ̀ ni ká dín kù. Ìyá mi gbà. Bó bá jẹ́ láfún ni wọ́n ní kó fi sílẹ̀, mo mọ ohun tí ì bá sọ.

Ẹ kọ ọjọ́ tí wọ́n ní kẹ́ ẹ padà wá sí ẹ̀yìn bébà yẹn, kẹ́ ẹ ká a sínú káàdì. Ẹ máa kọ ìfúnpá tuntun sí abẹ́ ti àná. Bébà tiwa ti gbó létí, aró ti ta sí i lára, ṣùgbọ́n dókítà ló kọ́kọ́ ń béèrè fún un báyìí.